Akoto Tí Mo Rà fún Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi, àti Àmì Tí Ó Yẹ Kí A Máa Wò

Ìròhìn ìgbéyàwó, ìkómọ, àti ti àwọn tí ó ṣí lọ sí ìlú mìíràn wà ní ojú ewé tirẹ̀, akọ̀wé wa kò sì jẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀ lórí ìyẹn. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ akoto ni mo bá wá, èyí tí Bíbélì pè ní àṣíborí, tí àwọn ọmọ wa sì ń pè ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ohun líle tí ẹni tí ń gun alùpùpù ń dé sí orí. Nígbà tí mo sọ ní ìpàdé pé n ó kọ̀wé lé e lórí, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ó wà nínú akoto tí yóò kún ojú ìwé. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí mi ní Kánò níhìn-ín. Ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ti gba òmìnira, ohun tí ó kù ni kí ó rí ibi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: "Bá mi mójú tó o." Ọmọ tí kì í ṣe ọ̀lẹ ni. Kò tó ọdún kan tí ó fi tu owó jọ, tí ó sì ra alùpùpù tí yóò máa fi gbé wáyà àti irinṣẹ́ rẹ̀ kiri láti Sábọ̀n Gàrí dé ẹ̀yìn ìlú. Inú mi dùn. Mo ní, "Ìwọ ti ra alùpùpù, èmi ni n ó ra akoto."

Mo lọ sí ọjà. Mo rí akoto dúdú kan tí ń dán bí awò, wọ́n lẹ DOT mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Ẹni tí ń tà á búra pé Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Mo ná an, mo tún un ná, títí owó rẹ̀ kò fi tó ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan. Bí mo ti ń bọ̀ nílé ni mo ń yin ara mi pé mo mọ ọjà á ná.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn èyí, ewúrẹ́ kan já lu ọ̀nà níwájú rẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé kò sáré rárá. Ó yà fún ewúrẹ́, ó ṣubú sí apá òsì. Ṣùgbọ́n kí orí rẹ̀ tó kan ọ̀dà, akoto ti bọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó ti ń yí gbirigbiri lọ sínú gọ́tà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù tí kò mọ ẹni tí ń pè é. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wà láàyè, ó sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, bí a bá sì rán an pé kí ó ra nǹkan mẹ́ta, méjì ni ó máa ń mú bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí títí di òní. Bí ó bá mi wí ni, ìbá sàn fún mi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò ni ó bá wa gbé akoto náà wá sílé. Ó ti nù ún mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, kò tilẹ̀ ha." Ìròhìn ayọ̀ ni ó rò pé òun mú wá. Mo wo akoto tí kò ní àpá kankan, mo rántí orí tí wọ́n rán ní ọsibítù, mo sì gbé akoto náà lọ bá káfíńtà pé kí ó bá mi fi ayùn là á sí méjì.

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ara òde rẹ̀ kò nípọn ju ike kùnà ọ̀dà tí àwọn akunlé ń gbé kiri lọ. Nígbà tí a ya aṣọ inú rẹ̀ kúrò, tìmùtìmù rírọ̀ ni a bá níbẹ̀, irú èyí tí a ń fi sí inú àga. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka mi sì kan ike lódìkejì. Ìdè kékeré kan tí ó tín-ín-rín bí ìṣó bàtà ni wọ́n fi mú okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ ike, ike náà sì ni ẹnu ìdè rẹ̀. Òun ni ó já. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, tí mo sì ń kà, ohun tí akoto jẹ́ gan-an àti ohun tí àwọn lẹ́tà tí a ń lẹ̀ mọ́ ọn túmọ̀ sí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Púpọ̀ nínú wa rò pé líle akoto ni ó ń gba orí là. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú nípa ẹ̀kọ mímu tí ó kún inú àwo. Bí a bá gbé àwo náà sáré tí a sì dá a dúró lójijì, àwo dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ kò tíì dúró, yóò bì lu ẹ̀gbẹ́ àwo, yóò sì dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rí nínú agbárí. Agbárí lè má fọ́, kí ọpọlọ sì ti fara gbá a, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì ti já. Bí a bá wá fi irin líle bo orí láìsí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, a kàn gbé àwo kan sínú àwo mìíràn ni. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ nínú akoto tòótọ́ ni fóòmù funfun kan tí ó le, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn mọ́ inú páálí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó rún. Bí orí bá ti ń bọ̀ wá kan ilẹ̀, fóòmù náà ń rún díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ agbára ìṣubú náà, orí sì ń dúró ní pẹ̀lẹ́ dípò kí ó dúró lójijì. Ara òde tí ó le wà láti pín ìkọlù náà káàkiri fóòmù, kí òkúta ṣóńṣó má sì wọlé. Tìmùtìmù rírọ̀ tí ó kan irun wa, fún ìrọ̀rùn nìkan ni. Nínú akoto tèmi, ìrọ̀rùn nìkan ni ó wà.

Ikú ọkùnrin olókìkí kan ni ó mú kí àwọn dókítà jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lawrence ti Arébíà, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ́nà abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yà fún àwọn ọmọ méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Kò dé nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ni Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Cairns kò gbàgbé. Nígbà ogun Hitler, ó ń ka iye àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ tí orí wọn ń fọ́ lójú ọ̀nà, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1941. Nínú gbogbo àwọn tí ó yẹ̀ wò, méje péré ni ó rí tí wọ́n dé akoto nígbà tí wọ́n ṣubú, kò sì sí èyí tí ó kú nínú àwọn méje náà. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ogun Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun tí ń gun alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ máa dé akoto. Fún àwọn ará ìlú wọn, ọdún 1973 ni òfin náà tó dé. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní àwa ni a lọ́ra láti gbọ́, àwọn náà lọ́ra.

Ní tiwa, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 kò lè gbàgbé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a ń pè ní Road Safety, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹnikẹ́ni tí ń gun alùpùpù láìdé akoto. Akoto wọ́n, kò sì kárí. Kí ni àwọn ọlọ́kadà ṣe? Àwọn kan fi igbá dé orí, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn kan dé ìkòkò, àwọn kan dé ike ọ̀dà, àwọn mìíràn dé akoto àwọn tí ń kọ́ ilé. Ìròhìn rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Àwọn èrò pàápàá kò fẹ́ dé akoto ọlọ́kadà, nítorí a gbọ́ pé àwọn ọlọ́ṣà ti fi oògùn sí inú rẹ̀, pé ẹni tí ó bá dé e yóò pàdánù iyè rẹ̀ tàbí kí ó di àwátì. A rẹ́rìn-ín àwọn onígbá náà títí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ti fòfin de alùpùpù akérò, tí àwọn ará ibí ń pè ní àchàbà, láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gun tiwọn lọ sí ibi iṣẹ́ ṣì pọ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí káfíńtà la akoto mi ni pé igbá ni èmi náà rà fún ọmọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé wọ́n kọ DOT sí ara tèmi.

Ní ti akoto àwọn tí ń kọ́ ilé, tí àwọn ọmọ wa kan ṣì ń fi gun alùpùpù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lórí wọn. Wọ́n ṣe é fún òòlù tàbí bíríkì tí ó bá já bọ́ láti òkè sí àtàrí. Ẹni tí ó bá ṣubú lórí alùpùpù kì í fi àtàrí gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́. Iwájú orí ni, tàbí ẹ̀bátí, tàbí ìpàkọ́, tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀.

Kí wá ni DOT? Lẹ́tà mẹ́ta yìí dúró fún ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe àbójútó ìrìnnà. Òfin akoto wọn, tí wọ́n pè ní FMVSS 218, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1974. Wọ́n á fi orí irin wọ akoto, wọ́n á jẹ́ kí ó já bọ́ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sórí irin pẹrẹsẹ, wọ́n á tún gbá ibì kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á sì jẹ́ kí ó já bọ́ sórí irin tí ó rí rogodo bákan náà. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú orí irin náà ni yóò sọ bí ìkọlù ti pọ̀ tó, kò sì gbọdọ̀ ju ìlọ́po 400 ìwúwo orí náà lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ju irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó wúwo tó kílò 3 lù ú láti òkè mítà 3, kò gbọdọ̀ kan orí. Wọ́n á sì fa okùn àgbọ̀n rẹ̀ wò.

Òṣùwọ̀n tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Kì í ṣe ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ń lẹ DOT mọ́ akoto. Ẹni tí ó ṣe akoto náà ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀ pé akoto òun dé ojú òṣùwọ̀n. Ìjọba á wá lọ ra díẹ̀ ní ọjà lẹ́yìn náà, wọ́n á dán an wò, bí ó bá jẹ́ irọ́, wọ́n á bá a ṣe ẹjọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó purọ́ ní ẹni tí yóò mú un. Ta ni yóò mú ẹni tí ó tẹ DOT ní ẹ̀yìn ilé kan tí ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá bá wa? Nítorí náà, DOT nìkan, níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Láti ọdún 2013 ni òfin wọn ti ní kí àmì ẹ̀yìn akoto máa ní ju lẹ́tà mẹ́ta náà lọ: orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti orúkọ irú akoto náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí FMVSS No. 218 wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ CERTIFIED sì wà níbẹ̀. Èyí tí mo rà kò ní ju DOT lọ, mo sì lè fi èékánná ká a kúrò.

Àmì tí mo fẹ́ràn jù, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, ni ti àwọn ará Yúróòpù. Lẹ́tà E ńlá kan ni, wọ́n fi òbìrípo yí i ká, nọ́ńbà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ E náà nínú òbìrípo. Wọ́n á rán an mọ́ ara okùn abẹ́ àgbọ̀n nínú akoto, kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Nọ́ńbà náà ń sọ orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí akoto náà: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì, 4 ni ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì, 9 ni Sípéènì, 11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ṣáínà ni wọ́n lè ti ṣe é kí ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì sì fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ dán akoto wò lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é kí wọ́n tó lè tà á rárá, wọn á sì máa mú díẹ̀ wò nínú èyí tí ó ń jáde láti ilé iṣẹ́ náà.

Lábẹ́ òbìrípo náà ni ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan. Bí ó bá fi 05 bẹ̀rẹ̀, òfin tí ó wà láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi 06 bẹ̀rẹ̀, òfin tuntun ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Òfin tuntun náà ń gbá akoto ní eré púpọ̀ àti ní eré díẹ̀, ó sì ń wọn bí orí ti ń yí bírí bí akoto bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá ilẹ̀, nítorí yíyí yẹn náà ń ba ọpọlọ jẹ́. Akoto 05 kò di búburú nítorí èyí, bí kò bá ti gbó. Lẹ́yìn nọ́ńbà náà ni lẹ́tà kan tàbí méjì, ẹ má fojú fò ó. J ni akoto tí kò bo àgbọ̀n. P ni èyí tí ó bo àgbọ̀n, tí wọ́n sì dán ibẹ̀ wò. NP ni èyí tí ó ní ohun tí ó dàbí ìbò àgbọ̀n, ṣùgbọ́n tí kò lè gba àgbọ̀n là. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé NP àti P jọra, nítorí lójú ọjà wọ́n jọra lóòótọ́.

Akoto tí ó ń bá àwọn alùpùpù Íńdíà wá máa ń ní àmì ISI, nọ́ńbà tí ó fi CM/L bẹ̀rẹ̀ sì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin IS 4151 ni ti wọn, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọn kò sì ti gbà kí ẹnikẹ́ni ta akoto alùpùpù tí kò ní i ní ilẹ̀ wọn. Snell náà wà, tí a sọ ní orúkọ awakọ̀ eré ìje kan tí ó fi orí kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún kejì. Ìdánwò wọn le, owó akoto wọn náà le. Àwọn tí ó ní ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá yín wo SHARP, ètò tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Wọ́n ń ra akoto ní ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n sì ń fún un ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú tiwọn ni pé akoto olówó gọbọi kan lè gba ìràwọ̀ tí kò tó ti èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní Nàìjíríà, SON ni àjọ tí òfin yàn láti ṣọ́ òṣùwọ̀n ọjà, ọ̀dọ̀ wọn ni a lè mú ẹjọ́ ọjà ayédèrú lọ. Èmi kò lọ, nítorí n kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún mi. Ẹ máa gba ìwé ọjà.

Ọ̀dọ́ kan bi mí pé alùpùpù òun ń sá 80, kí ni ìwúlò ìdánwò tí eré rẹ̀ kò ju 22 tàbí 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí ó bá ṣubú lórí alùpùpù ń yọ̀ lọ síwájú pẹ̀lú eré náà, ṣùgbọ́n ìṣubú tí orí rẹ̀ ń ṣubú sílẹ̀ kò ju láti ibi gíga orí ẹni tí ó jókòó dé ilẹ̀ lọ, ìyẹn ni ìdánwò sì ń wọ̀n. Bí ó bá fi 80 kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní tààrà, kò sí akoto tí ó ṣèlérí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníwádìí kó ìwádìí púpọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ní ọdún 2008, wọ́n rí i pé akoto dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100 fún àwọn tí ó ṣubú, ó sì dín ìpalára orí kù ní ìdá 69 nínú 100.

Nítorí pé a lè ṣe ayédèrú àmì gbogbo, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà ṣe ìdánwò. Ẹ gbé akoto náà. Èyí tí ó bo orí dáadáa sábà máa ń wúwo tó kílò kan àti díẹ̀; bí kò bá tó ààbọ̀ kílò, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé aṣọ inú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ bá fóòmù líle tí kò gbà fún yín wọlé, kí ó sì nípọn tó ínǹṣì kan. Ẹ fa okùn àgbọ̀n pẹ̀lú agbára, kí ẹ wo ìdè irin tí ó mú un mọ́ ara akoto. Òrùka irin méjì tí ó rí bí lẹ́tà D ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú ẹnu ìdè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ń kùn pé ó ń pẹ́ kí a tó dè é. Kí ìwo tàbí ìyẹ́ kankan má yọ jáde lára rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, nítorí ohun tí yóò kọ́ ọ̀dà ni yóò yí ọrùn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó bá orí mu, ibẹ̀ sì ni àwa òbí ti ń ṣìṣe, nítorí a ń ra akoto bí ẹni ra bàtà ọmọ ilé ìwé, pé yóò dàgbà sí i. Ẹ gba téèpù lọ́wọ́ aránṣọ, kí ẹ wọn orí yíká, díẹ̀ lókè ojú, kí ó gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. 57 sí 58 sẹ̀ǹtímítà sábà máa ń jẹ́ M, 59 sí 60 sì ni L, ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì mu gẹ́lẹ́. Ó yẹ kí ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Ẹ de okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá di ẹ̀yìn akoto mú láti ìsàlẹ̀, kí ó tì í sókè síwájú. Bí ó bá yí kúrò lórí, ẹ má ra á, ìbáà ní àmì mẹ́wàá. Ìdánwò kékeré yìí, tí kò gba ìṣẹ́jú kan, ni n kò ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún akoto tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí ó dára ní ilé wa. Ṣùgbọ́n fóòmù tí ó ti rún lẹ́ẹ̀kan kò ní padà bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ ni ara òde lè máa dán. A kò lè mọ orí tí ó ti gbà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí ìdí kan náà ni èyí tí a bá ti fi ṣubú kò fi yẹ kí a tún dé. Àwọn Snell sọ pé kí a pààrọ̀ akoto ní nǹkan bí ọdún 5. Ẹ má gbé e lé orí táǹkì níbi tí epo bẹntiróòlù yóò ti máa kàn án, ẹ má sì fi ọ̀dà kùn ún, nítorí epo ń jẹ fóòmù.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn ìyá wa yóò sọ: irun, gèlè, àti orí àwọn ẹlòmíràn tí ó ti wà nínú akoto ọlọ́kadà. N kò bá yín jiyàn. N kò tilẹ̀ ní rẹ́rìn-ín ẹni tí ń bẹ̀rù oògùn. Ẹ ra tiyín, kí ẹ kọ orúkọ yín sí inú rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e dání nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún, nítorí láti ibùdókọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, ọ̀kadà ni yóò gbé yín. A lè ká gèlè sínú àpò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ ọwọ́ tí a pọ̀n sẹ́yìn lórí ọ̀kadà ni n kò rí ọ̀rọ̀ sọ lé lórí, nítorí kò sí akoto tí ó wà fún un. Ẹsẹ̀ ni kí a fi rìn, tàbí kí a dúró de kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù tí ó ní akoto nílé mú un wá. N ó mú tèmi tí a là sí méjì wá, kí ẹ fi ọwọ́ kàn án. Mo ti yá òṣùwọ̀n kílò lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ẹja dídì ní ojúde wa, aránṣọ wa yóò sì mú téèpù rẹ̀ wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa ka àmì ara okùn fún wa, nítorí ojú tèmi kò rí lẹ́tà kéékèèké mọ́. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀.